Wáyà Kẹta

Ní Erie, lóṣù kejì, yìnyín ti wọ inú bàtà mi.
Mo gun òpó kọkànlélógún.
Ìwé ilé iṣẹ́ kébù ní wáyà méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀.
Mo ka ọ̀kan. Mo ka èjì.
Ẹ̀kẹta ń yọ́ lọ bí ejò tó mọ̀nà ilé,
ó gba abẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀,
ó wọ ojú fèrèsé Leocadia Wisnik.

Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló so ó kó tó kú,
Casimir, tó fi ogójì ọdún yọ́ irin,
tó ní òun kò ní san owó ohun tó ń gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá.
Mo yọjú láti orí òpó:
ìyá náà jókòó, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ń fọ ojú rẹ̀.
Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló ń wò.
Ife tíì méjì wà lórí tábìlì,
ọ̀kan kò ní ẹni tí yóò mu ún.

Mo mọ òfin. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì pupa
tí mo máa ń há mọ́ ilẹ̀kùn:
ẹni tó bá fa wáyà láìsanwó, olè ni;
owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì.
Ti ẹni tó ń ta àpótí tó ń tú àwòrán
tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hruska, ọ̀gá mi, kì í bèèrè bí olè ṣe tóbi tó.
Èmi ni mò ń bèèrè. Kí ló dín nínú ti aládùúgbò?
Iná tí a tàn lára iná
kò sọ ti àkọ́kọ́ di òkùnkùn.
Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé epo lájà
kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀:
Casimir ti gòkè, ó ti sọ̀, ó ti wọlẹ̀ pátápátá,
ìyàwó rẹ̀ ló ń gba epo náà lálaalẹ́.

Mo fa píláyà yọ. Mo gé e.

Nínú ilé, ẹ̀ṣẹ́ kan dúró sójú òfuurufú, kò balẹ̀.
Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n náà pẹ̀lú.
Kò wo ìta. Ó dìde,
ó fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
bí ẹni tó ń jí ẹni tó sùn lọ níwájú rẹ̀.

Níbi tí fọ́ọ̀mù ti bèèrè orúkọ ọ̀daràn,
mo kọ Casimir sí i.
Kí wọ́n lọ mú un.