Etí Ọ̀tún

Ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́, iná ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì.
Mo dùbúlẹ̀, fóònù lórí àyà,
orin Ọ̀gá Fádáyọ̀mí nínú káàdì tí kò tó èékánná.
"Gbọ́ ọ ná," ó ní, "má tíì bi mí ní nǹkan."
Íápíìsì mi, ọ̀tún nìkan ló ń fọhùn;
òsì ti kú láti ìgbà ìdánwò.

Jáàsì kọ́kọ́ dà bí ìjà ìdí ẹ̀rọ omi:
fèrè ń bú èèyàn, ìlù ń làjà.
Mo fẹ́ pa á. N kò pa á.
Fèrè náà mí kanlẹ̀; mo gbọ́ èémí ọkùnrin yẹn
bí mo ṣe ń gbọ́ ti Adéṣúyì lórí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Ti òyìnbó àtijọ́, èyí tó gùn bí ọ̀nà Ọ̀wọ̀,
gòjé ńlá nìkan ni mo gbọ́, ó ń kùn
bí òjò tó ṣú sórí òkè Ìdànrè tí kò rọ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Orin tó ń dá sọ̀rọ̀."

Lánàá ni Mọradéùn yá mi ní tirẹ̀.
Etí méjèèjì.
Háà! Dùùrù kan wà lápá òsì, ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí,
ó ń dá fèrè lóhùn, jẹ́ẹ́,
bí àlejò tí wọn ò fún lága.
Àwọn gòjé wẹ́wẹ́ ń fò bí èsúnsún ẹ̀yìn òjò.

Adéṣúyì ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.
Mo ní ẹnì kan ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta,
n kò mọ̀.