Ọ̀nà Oko Ti Kúrú

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà,
ọ̀nà oko bàbá mi Fágbùàró kì í tán.
A ó kúrò ní Òkèmẹ̀sí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
ìrì á rẹ mí dé orúnkún,
a ó sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta,
a ó gba ìdí igi obì tí ìjàlọ fi ṣelé,
a ó fo odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lórúkọ
àfi èyí tí èmi fún un,
a ó kọjá ọ̀gán mẹ́ta tó fẹ̀yìn ti ara wọn
bí àgbà tó bára wọn jà tí kò fẹ́ lọ sílé.
“Bàbá, ṣé a ti dé?”
“Ó kù díẹ̀.”
Díẹ̀ yẹn gùn ju odidi ọdún kan mi ti ìsinsìnyí.

Mo tún rin ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Mo ti pé méjìdínláàádọ́rin.
Mo ń ro owó kòkó tí Adéyọjú kò tíì san,
mo gbójú sókè, mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà aba.
Odò ńkọ́? N kò mọ ìgbà tí mo fò ó.
Ọ̀gán ńkọ́? Bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi ló lọ sóko; ojú mi jókòó sílé.

Òrí tí mo rà fún ọyẹ́ èṣí
kò tíì dé ìdajì igbá,
ọyẹ́ mìíràn ti là mí létè.
Mo kan kàlẹ́ńdà ìjọ mọ́gi ní oṣù Ṣẹ́rẹ́,
mo wẹ̀yìn wò, ó ti di Ọ̀pẹ.
Mo ní àná la sin ìyá Bọ̀sẹ̀dé.
Wọ́n ní ó ti pé ọdún mọ́kànlá.
Mo ní irọ́ ni.
Wọ́n mú mi lọ ka ohun tó wà lójú sàréè.

Mo ń bẹ iṣu uyán lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní, ó dáa,
ká sọ pé iṣu kan ni ayé tí ẹnì kan ti gbé.
Ọmọ ọdún márùn-ún gé e sọ́nà márùn-ún:
ẹyọ kan kún un lọ́wọ́ méjèèjì,
ó jẹ ẹ́, jẹ ẹ́, oorun gbé e lọ lórí rẹ̀.
Èmi gé tèmi sọ́nà méjìdínláàádọ́rin:
mo gbé ẹyọ kan sókè,
mo ń rí iná ààrò láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣu nìkan kọ́.
Ọdún tí mo lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Adó,
mo ti lé lógún, síbẹ̀ ó gùn bí ọdún mẹ́ta.
Òpópónà ṣàjèjì, ohùn ṣàjèjì,
kódà omi ẹ̀rọ wọn ní adùn tirẹ̀.
Ojú tó ń wòran ló ń fa ọjọ́ gùn.
Lẹ́yìn náà, ogójì ọdún nídìí ẹ̀rọ kan:
bùbá, bùbá, bùbá,
ọkàn mi rán gbogbo wọn pọ̀ di aṣọ kan ṣoṣo.

Lánàá mo mú Tíwalolú dání,
ọmọ ọmọ mi tó wá lo ìsinmi láti Ìbàdàn.
Kò sí ohun tí kò dúró wò.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìgbín títí ìgbín fi jáde.
Ó bi mí lórúkọ odò.
Mo dúró.
Mo wá a nínú orí mi, n kò rí i mọ́.
Ó ní kò burú, ó sọ ọ́ ní òmíràn lójú ẹsẹ̀.

Oòrùn ti gòkè, a kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.
Orúnkún ń ro mí.
“Màmá àgbà, ṣé a ti dé?”
Mo la ẹnu, ohùn Fágbùàró ló jáde:
“Ó kù díẹ̀.”
Mo sì ń tọrọ lábẹ́lẹ̀ pé kó má tètè tán.