Ẹrẹ̀ Ìgúnpá

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni àwọn àpò máa ń dé,
àpò ńláńlá méje tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu,
òógùn ọmọ ọlọ́mọ ń rùn nínú wọn.
Ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, ní Kutáísì, lẹ́bàá odò Ríónì,
èmi Nanúlì, àti Ẹtẹ́rì tó máa ń sùn lórí ìjókòó,
àti ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin; ọ̀kan nínú wọn ń ṣòjòjò.

Àwọn ará ìlú ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá.
Èmi, ara aṣọ ni mo ti ń wò ó.
Aṣọ kì í purọ́ fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́.
Mo mọ ẹni tó ṣubú, mo mọ ẹni tí wọ́n fà láṣọ ya,
mo mọ aṣọ́lé tí imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀,
tó fi ọwọ́ aṣọ nù ún, tí kò jẹ́ kí kóòṣì gbọ́.
Ti Pọ́túgà, koríko ló máa ń pọ̀ láyà tiwọn:
bí wọ́n bá ti gbá a sáwọ̀n, wọn a dà sílẹ̀, wọn a máa yọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan wá láti Fáróè.
N ò mọ ibẹ̀. Ẹtẹ́rì fi ìka wá a lórí fóònù,
ó ní, "Wò ó, bí èérún búrẹ́dì lójú omi."
Wọ́n gbá márùn-ún wọlé wọn lọ́jọ́ kìíní,
mẹ́ta lọ́jọ́ kejì.
Aṣọ wọn wúwo bí àwọ̀n apẹja tí kò rí ẹja kó.

Àyàfi nọ́ńbà méjìdínlógún.
Méjìdínlógún mọ́.
Ìlà tí mo fi ká a ṣì wà láyà rẹ̀.
Òórùn ọṣẹ mi ló gbé lọ, òórùn ọṣẹ mi ló gbé bọ̀.
Ẹtẹ́rì ní, "Ẹ má wulẹ̀ fọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ omi lò."
Mo fọ̀ ọ́.
Ẹni tó fi wákàtí kan àtààbọ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì,
tó ń mi ẹsẹ̀, tó ń yọ́jú wo ẹnu kóòṣì,
òun náà ṣiṣẹ́. Òógùn rẹ̀ ni kò rọ́nà jáde.

Gélà ọmọ mi wà ní Póláńdì, ó ń to bíríkì.
Ó pé ọdún mẹ́fà.
Gbogbo ohun tó ń fi ránṣẹ́ ló mọ́:
owó, fọ́tò, ẹ̀rín.
N ò tíì rí ẹrẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò rọ̀.
Mo gbọ́ ariwo pápá lójú fèrèsé, n ò mọ ti ta ni.
Nígbà tí àpò dé, mo tú u, mo ń wá a,
n ò sọ fún Ẹtẹ́rì pé mò ń wá nǹkan.
Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, ó rún wómúwómú.
Ẹrẹ̀ ní ìgúnpá òsì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun lọ.
Ewé koríko kan ṣoṣo lẹ́bàá ọrùn.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin, bóyá márùn-ún.
Ó sáré, ó yọ̀, ó dìde.
Iye tí wọ́n tún gbá wọlé wọn, n ò bèèrè.

Mo jí Ẹtẹ́rì. "Wò ó!"
Ó wò ó bí ẹni ń wo nọ́ńbà lọ́tìrì.
A fọ ìyókù. A gbé èyí kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn
títí ó fi gbẹ, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì le bí èèpo igi.

Ní ìdájí, ọkùnrin tó ń kó ẹrù wọn dé.
Ó na ìka sí ìgúnpá náà, ó ń sọ èdè rẹ̀.
Mo mi orí. Mo ká a, mo kó ẹrẹ̀ sínú,
mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpò, mo so okùn.
Ó wò mí, ó gbé e.

Ní erékùṣù yẹn, ìyá kan wà
tó máa tú àpò,
tó máa bínú díẹ̀.