Inú Pörri

Ìgbà òtútù ni, ní Kuopio, tí oòrùn ń yọjú lórí òrùlé
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, tó mú un, tó tún lọ.
Saimi àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bàbá wa, ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan,
ó ń mọ ẹran tí Ọlọ́run kò rántí mọ.

Ó fa ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Ó fún un lẹ́sẹ̀ mẹ́fà,
ó yọ ọ̀kan, ó ní márùn-ún ló yẹ ẹ́.
Ojú mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ lápá òsì.
Irun ọrùn dúró ṣánṣán bí ti ológbò tí a jí lójijì:
ó sọ ọ́ ní Pörri.
Mo ní, "Báwo lèyí ṣe fẹ́ rìn?"
Ó tẹ bọ́tìnnì kan.
Pörri fẹ́ ṣubú, ó tiro, ó rìn.

Nígbà tó fẹ́ fi í pamọ́, géèmù náà ya fọ́tò rẹ̀,
fọ́tò tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Mo rò pé ìrántí lásán ni.
Saimi fi mí rẹ́rìn-ín: "Fọ́tò kọ́ nìyẹn. Òun gan-an ni."
Ó ní nínú ẹ̀kán àwọ̀ kọ̀ọ̀kan
wọ́n ti bu pupa kù díẹ̀, wọ́n ti bu àwọ̀ ewé kún díẹ̀,
ìwọ̀n tí ojú ènìyàn kò lè kà sí;
inú bín-ín-tín yẹn ni wọ́n kọ eegun sí,
ibi tí orúnkún ti tẹ̀, bí eyín ti gùn tó,
orúkọ ẹran, orúkọ ẹni tó mọ ọ́n.
Awọ fẹ́lẹ́ ló bo inú, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.
Ti Pörri, awọ náà ni inú.

Ó fi í ránṣẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀.
Nínú oṣù kẹta, ìwé dé láti Encarnación, ní Paraguay,
láti ọwọ́ Fidelino kan tí a kò mọ̀ rí:
"Ẹran yín yọ sí ayé mi láàárọ̀ yìí.
Ó ti pa ẹran mi méje jẹ. Ẹ kú iṣẹ́."
Saimi lẹ ìwé náà mọ́ fìríìjì.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn tó ni géèmù pa iná ilé ìṣúra wọn,
gbogbo ẹran tí ayé mọ síbẹ̀, ó di òkùnkùn.
Saimi ń wa ọkọ̀ tí ń gbá yìnyín lójú títì báyìí,
ó bí Iivo, Iivo ní òun fẹ́ rí Pörri.
Mo ní kò sí wàhálà, ó wà nínú fóònù mi láti ọjọ́ yìí.
Mo jù ú sínú géèmù àtijọ́.
Kò sí nǹkan.
Mo tún un jù. Kò sí nǹkan.

Fóònù ti fún un bí ọsàn kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́,
ó ti tẹ́ àwọ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ.
Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń wo òsì,
irun ọrùn ṣì dúró,
ìkarahun ìgbín tí ìgbín ti kúrò níbẹ̀.

Saimi kọ̀wé sí Paraguay.
Ta ló ń dáhùn ìwé ọdún mẹ́rìndínlógún?
Fidelino dáhùn. Ó ń tún alùpùpù ṣe, ó ti lórí pípá,
kò ju kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ nù.
"Ẹ má fi fóònù gbà á," ló kọ;
ó wé káàdì kékeré kan sínú bébà, ó fi í sí pósítà.

Lálẹ́ tó dé, Iivo ló jù ú wọlé.
Ilẹ̀ géèmù mì díẹ̀. Pörri dìde. Kò tiro mọ́.
Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ méjì: Saimi, lẹ́yìn náà Fidelino.
Àbúrò mi sún mọ́ gíláàsì, yìnyín ṣì ń yọ́ ní èjìká rẹ̀,
ó ka ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Wò ó," ló wí, "ó dá èyí tí mo yọ padà."