Ìkòkò Tí Kì Í Se Ọbẹ̀

Aago mẹ́wàá ti kọjá ní Tanke. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú bátìrì kọ̀ǹpútà mi,
mo sì ń ṣa àkọsílẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà:
èyí òkúta, èyí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀,
èyí ni a lè gbé kaná.

Orúkọ okùn RNA. Orúkọ àrùn.
Ta ni okùn náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀? Ta ni ó ń tì gòkè?
Nínú ẹ̀dọ̀ ni, àbí nínú ọmú?
Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ènìyàn mélòó lẹ yẹ̀ wò?
Bí ìwé kan kò bá dá mi lóhùn, mo pa á tì,
ìbáà jẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́tàdínlógún ló fọwọ́ sí i.

Nígbà kan, pàǹtí ni wọ́n ń pe àwọn okùn wọ̀nyí.
Wọ́n gùn gbọọrọ, wọn kò bí purotéènì kankan,
wọn kò di ẹran, wọn kò di èékánná.
"Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú ara?"
Dókítà Kàtíbì bi wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
Gàníyù ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Dàda ni mí.
Ní àgbàlá wa, nítòsí Òkèlele,
ìkòkò kan wà tí ìyá mi máa ń dojú rẹ̀ dé.
Ìdí rẹ̀ ti dán bí orí apárí.
Kò pọn omi rí. Kò se ọbẹ̀ rí. Kò dé ọjà rí,
ẹnikẹ́ni kò ná an.
Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá mi ń tẹ́ amọ̀ lé,
ó ń fi igi pẹlẹbẹ lù ú, pó, pó, pó,
títí amọ̀ yóò fi mọ ibi tí yóò tẹ̀, ibi tí yóò yọ ikùn.
Eérú ló ń wọ́n sí àárín àwọn méjèèjì:
bí eérú bá kéré, tuntun a lẹ̀ mọ́ àtijọ́, a ya;
bí ó bá pọ̀ jù, amọ̀ a yọ̀, a wó.
Ìwọ̀n eérú, inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló wà.
Kò sí ibi tí ó kọ ọ́ sí.

Èmi ni mo wá ń kọ ọ́.
Okùn yìí pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró,
tọ̀hún kéré nínú ọkàn tó wú,
ọ̀kan ń ṣoore nínú ẹ̀dọ̀, ó ń ṣìkà nínú ikùn,
ọ̀kan ní orúkọ mẹ́rin
bí ọmọ tí ìyá bàbá àti ìyá ìyá jọ sọ lórúkọ.
Mo so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Mo fi déètì sí i.

Ìyá mi wà ní Òkè-Òyi báyìí, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin,
bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Kókó inú ọmú òsì ni.
Lánàá ó bi mí pé ṣé ilé-ìwé ti rí ohun tó fà á.
Mo ní, "Ìyá, a ṣì ń kó o jọ."
Ó ní, "Ẹ kó o jọ dáadáa.
Ìkòkò tí kò jinná, òjò ní í fi í hàn."

Lálẹ́ òní, mo wá orúkọ kókó náà nínú àká wa.
Ìlà ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínlógún ló jáde.
Mo wo òpó ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá:
Ṣáínà, Ṣáínà, Swídìn, Ṣáínà, Amẹ́ríkà, Ìráànì.
Mo wá Ìlọrin. Mo wá Ọ̀fà. Mo wá Omù-Àrán.
Mo tẹ Nàìjíríà: méjì péré,
ọ̀kan nínú wọn, èmi gan-an ni mo fi àmì "kò tó" sí i,
nítorí obìnrin márùn-ún péré ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì. Mo lè yí i padà.
Ta ni yóò mọ̀?
Bátìrì ku mẹ́rin.
Mo rántí àtẹ́lẹwọ́ kan tó kún fún eérú,
bí ó ṣe máa ń gbọn èyí tó lé dànù.

Mo fi àmì náà sílẹ̀.
Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí àwa tí ń ṣa á lè sọ̀rọ̀ sí, mo kọ:
Obìnrin márùn-ún. Ẹ wá àwọn yòókù.
Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Dàda.

Kọ̀ǹpútà kú kí n tó mọ̀ bóyá ó wọlé.