Okùn Tí Ẹja Ò Ní Rí

Tauno ra okùn ìwọ̀ mẹ́ta nílùú Nurmes:
ọ̀kan láwọ̀ ewé, ọ̀kan pọ́n bí ẹ̀jẹ̀,
ọ̀kan kò láwọ̀ rárá, òun ló sì wọ́n jù.
"Omi a máa gbé pupa mì," ló wí,
"bó bá ti jìn, ẹja ò ní rí i mọ́."
Ó dá ihò mẹ́ta sínú yìnyín, ó jókòó tì wọ́n.

Aune, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ò fèsì.
Okùn tirẹ̀ láwọ̀ ìyeyè,
èyí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú agolo tábà.
Tauno rẹ́rìn-ín: "Ẹja á sá fún un."

Ọ̀sán yẹ̀. Òtútù wọ eegun.
Aune fa ẹja ẹlẹ́gùn-ún-lẹ́yìn kan jáde,
ó tún fa òmíràn.

"Àbúrò, ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó ń wòkè,
dúdú ni gbogbo okùn lójú rẹ̀.
Ojú tèmi ló ń ṣe bàìbàì.
Mo fẹ́ rí i bó bá mì.
Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ìwọ̀ ni."

Tauno fa okùn olówó gọbọi sókè.
Ìjẹ ti tán lẹ́nu ìwọ̀, bóyá látàárọ̀.
Òun alára ò kúkú rí okùn náà.