Ìrẹ̀ Inú Ìgò

Ogójì ọdún ni mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe
létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́.
Mo mọ èyí tó ń wúkọ́, mo mọ èyí tó kàn ń díbọ́n àìsàn.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí Ràfíátù, ọmọ ọmọ mi, figbe ta
nítorí àfòpiná kan ṣoṣo tó ń yí gílóòbù po,
n ò mọ ibi tí n ó ki sípánà bọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rin.
Ó gun àyà mi bí ẹni gun igi àgbọn,
èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lọ́rùn,
ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tẹ̀ ní àtẹ̀jù.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìta mọ́.
Eèrà gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀,
eṣinṣin gba àwo ìrẹsì,
tata gba gbogbo koríko Òkè-Balógun,
ó wá ku orí bẹ́ẹ̀dì,
ó wá ku abẹ́ aṣọ ìbora, pẹ̀lú òógùn.

Múkáílà, àbúrò ìyá rẹ̀, ní òun mọ oògùn rẹ̀.
Ó mú aáyán, ó fi í sí ọmọ látẹ́lẹwọ́:
"Ṣé o rí i? Kì í jẹni!"
Ọmọ náà ò sunkún.
Ó dákẹ́.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dákẹ́, tó ń tọ̀ sára.
Mo ní, Múkáílà, gbọ́:
ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí ò jí, a kì í fi òòlù bá a sọ̀rọ̀.
Ẹ̀rù ọmọdé, ẹrù ni.
Ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀ ọ́ kì í gbé òmíràn lé e.

Mo fọ ìgò kan tí oyin ti tán nínú rẹ̀,
mo dá ihò sí ọmọrí,
mo bu yanrìn díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ewé ẹ̀gẹ́.
Nídìí àgbá epo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mú ìrẹ̀ kan,
oníwà pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti gé.
Mo gbé e sórí tábìlì ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.
"Ìwọ dúró sẹ́nu ọ̀nà," mo ní, "èmi ni n ó lọ síbẹ̀.
Bó o bá ní kí n gbé e jìnnà, n ó gbé e jìnnà."
Ó ní kí n gbé e jìnnà.
Mo gbé e jìnnà.
Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n gbé e jìnnà.
Mo gbé e jìnnà.
Wọ́n ní ẹni tó fi sùúrù pa eèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.
Èmi ò wá ìfun ẹnikẹ́ni.
Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni mò ń wá, láti ẹnu ọ̀nà sí tábìlì.

Ọjọ́ kẹfà, òjò rọ̀, iná lọ,
ìrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro nínú òkùnkùn.
"Bàbá, ta ló ń ké?"
"Ẹni inú ìgò ni."
"Kí ló ń ṣe é?"
"Bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ìwọ tóbi jù lójú ẹ̀."
Ó ronú, ó pẹ́.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì: pẹ, pẹ, ó dúró. Pẹ.
"Ìrẹ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́,
"má bẹ̀rù. Mo kéré."

Àwa méjèèjì la jọ tú u sílẹ̀ láàárọ̀;
èmi ni mo ṣí ọmọrí,
òun ló nàka sí ọ̀nà tí yóò gbà.

Oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n wá gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù.
Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni: àgbàlagbà bí èmi,
bí mo bá rí abẹ́rẹ́, omi ni orúnkún mi.
Ràfíátù fà mí lọ́wọ́ níwájú ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì.
"Ẹ dúró níbí, Bàbá. Ẹ kọ́kọ́ máa wò ó.
Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé e jìnnà,
n ó ní kí wọ́n gbé e jìnnà."

Aáyán ńkọ́?
A ò tíì débẹ̀.
Bó bá rí i, èjìká mi ló ṣì ń gùn.
Ṣùgbọ́n láti òkè níbẹ̀, ó ti ń bi í léèrè
kí lorúkọ ìyá ẹ̀.